Ìkarahun Ọ̀sà àti Ìkarahun Òkun: Ohun tí Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Jẹ, Ohun tí Wọ́n Ná

Oríṣi ìkarahun méjì ló wà nínú ìtàn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Inú ẹrẹ̀ ọ̀sà wọn ni ọ̀kan ti wá, ìyẹn ìsáwùrú tí àwọn obìnrin ń ṣà sínú apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń bọ̀ jẹ. Òkun Íńdíà ni èkejì ti wá, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn débi pé àwọn tó ń ná an ní ọjà Ẹ̀pẹ́ kò mọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kó o. Ẹyọ nìyẹn, èyí tó di owó. Àwọn òpìtàn kọ ìwé púpọ̀ lórí ẹyọ nítorí pé ó bá ọba rìn, ó bá ogun rìn, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àdéhùn. Ìsáwùrú kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀, ẹnu la fi ń sọ tirẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí a ń jẹ ló ṣáájú, òun náà ló sì gbẹ̀yìn.

Omi ló pín iṣẹ́ fún ìlú méjèèjì, ẹ jẹ́ ká fi òun ṣáájú. Ẹnu ọ̀nà kan tí òkun ń gbà wọ ọ̀sà wà ní Èkó. Ibẹ̀ ni iyọ̀ ti ń wọlé, bó sì ṣe ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Odò Ògùn ń da omi dídùn sí ọ̀sà nítòsí Ìkòròdú, Odò Ọ̀ṣun ń da tirẹ̀ sí apá Ẹ̀pẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi oníyọ̀ a rá pálá dé etí omi Ìbèṣè àti Bayékù ní Ìkòròdú. Tí òjò bá dé, omi dídùn a tún lé e padà. Ìsáwùrú kò fẹ́ iyọ̀ tó le, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ omi tí kò ní iyọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn lápá Ìkòròdú. Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ ni ọba ẹja omi dídùn: àrọ̀, ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà. Onímọ̀ ẹ̀dá omi tó bá ka ohun tó ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀sà Èkó kò ní pẹ́ dárúkọ Pachymelania aurita, ọ̀kan nínú àwọn ìsáwùrú tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìkarahun mìíràn tún wà tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, àdá ni wọ́n fi ń há a kúrò.

Iṣẹ́ obìnrin ni ìsáwùrú ṣíṣà. Nígbà tí omi bá fà, wọn a ká aṣọ sókè orúnkún, wọn a máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá a nínú ẹrẹ̀ kí ọwọ́ tó bọ̀ ọ́. Tó bá délé, wọn a ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, nítorí iyanrìn kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀ tó láti ba ọbẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gé ìdí rẹ̀ ṣóńṣó kúrò kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ á fi ẹnu fà á, á sì jáde. Ẹni tí kò bá gé ìdí rẹ̀ yóò wá abẹ́rẹ́. Ẹran tó ń jáde nínú ìsáwùrú kan kò ju orí ìka lọ, nítorí náà odindi apẹ̀rẹ̀ ni ìyá kan ń ṣà kí ó tó lè pè é ní ọbẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń da ìkarahun rẹ̀ sí.

Ọdẹ àti ọmọ ọba ni ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú fẹ́ràn, ìtàn Ìkòròdú kò sì yàtọ̀. Wọ́n ní ọmọ Àkárìgbò Kòyẹlú, ọba Rẹ́mọ, ló ti Rẹ́mọ wá ṣe ọdẹ dé ibẹ̀, pé oko ẹ̀fọ́ odù ni wọ́n bá, àti pé lẹ́yìn náà ni àwọn kan láti Bìní wá bá wọn tí wọ́n jọ ń gbé. Nínú ìran àwọn méjèèjì ni oyè pàtàkì ìlú ti ń jáde títí dòní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé Ṣàgámù ni ọmọ Àkárìgbò náà ti wá. Ìwé kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kó ara wọn jọ di Ṣàgámù, ogun ló sì lé wọn jọ, bẹ́ẹ̀ ogun ti dó ti Ìkòròdú ṣáájú ìgbà náà. Ìlú Òfin ni Àkárìgbò wà tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹnu ló sáré fi orúkọ tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Èyí kò sọ ìtàn náà di irọ́, ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà rántí nǹkan ni.

Ní Ẹ̀pẹ́, orúkọ Huraka ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ọdẹ tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tó sì tẹ̀dó sí Poka, kí àwọn mìíràn tó sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi níbi tí ìlú wà lónìí. Àwọn wọ̀nyí ni Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ni wọ́n ń wò lójú, ọ̀sà ni wọ́n ń wò fún ọjà. Lẹ́yìn wọn ni odi ńlá tí a ń pè ní Ẹrẹ̀do Súngbọ́ wà, iyàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tó fi hàn pé ilẹ̀ yìí ti ní alágbára tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó rí i.

Òyìnbó àkọ́kọ́ tó kọ nǹkan sílẹ̀ nípa agbègbè náà ni Duarte Pacheco Pereira, ará Pọ́túgà, ní nǹkan bí 1505 sí 1508. Ó dárúkọ Ìjẹ̀bú, ó sọ nípa iyàrà ńlá rẹ̀, ó sì ní ẹrú àti eyín erin ni wọ́n ń fi ẹ̀gbà ọwọ́ onídẹ rà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀rọ̀ Bìní, ó kọ ọ́ pé ìkarahun kan ni wọ́n ń ná bí owó, pé òun ni wọ́n fi ń ra ohun gbogbo, ẹni tó bá sì ní i jù ni ọlọ́rọ̀ jù. Ibí yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ti yapa. Àwọn kan ní ẹyọ òkun Íńdíà ni, pé ó ti gba aṣálẹ̀ àti Màlì wá kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé. Àwọn mìíràn ní ìkarahun etíkun tiwa ni, tí ẹyọ wá gba ipò rẹ̀ nígbà tí ó pọ̀ dé. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe àròsọ lásán: Ibn Battuta gbé ní erékùṣù Maldives ní 1343 sí 1344, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹyọ nínú òkun, nígbà tó sì dé Màlì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó bá ẹyọ kan náà lọ́jà, 1,150 rẹ̀ fún dínárì wúrà kan. Mo fara mọ́ pé méjèèjì ṣẹlẹ̀. Àwọn ènìyàn tí kò mọ ìkarahun bí ohun iyì tẹ́lẹ̀ kì bá tí gba ti àlejò wọlé kíákíá bẹ́ẹ̀.

Ìtàn ẹnu kò ní wàhálà kankan lórí ibi tí ẹyọ ti wá. Ilé Olókun ni. Olókun ló ni ọrọ̀ ìsàlẹ̀ omi, ẹni tó bá wù ú ló ń fún. Ajé Ṣàlúgà, òrìṣà ọrọ̀, náà ń bẹ, òǹkọ̀wé òyìnbó A. B. Ellis sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1894 pé ẹyọ ńlá ni àmì rẹ̀. Ìtàn mìíràn wà ní etíkun Dàhòmì tí etí kì í fẹ́ gbọ́: wọ́n ní òkú ẹrú ni wọ́n ń sọ sínú òkun bí ìjẹ ẹja, pé ẹyọ á lẹ̀ mọ́ ọn lára, wọ́n á wá fà á jáde. Òtítọ́ ìwé ni pé ẹyọ owó kò sí nínú òkun wa rárá. Láti Maldives ni wọ́n ti ń kó o lọ sí Íńdíà, láti Íńdíà lọ sí Amsterdam àti London, nísàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ má baà fúyẹ́ jù lórí omi, láti ibẹ̀ wá sí Àjùdá àti Èkó. Ẹni tó pa ìtàn òkú náà kò mọ Maldives. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: bí ènìyàn bá ti wọ inú omi lọ, owó a jáde. Lójú tèmi, ìtàn náà ṣàlàyé ìdí tí ẹyọ fi pọ̀ ju bí ìwé ilé ìfowópamọ́ kankan ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

Kíkà rẹ̀ gan-an jẹ́ iṣẹ́. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé ní Ìjàyè, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ohun tó kọ jáde ní 1887. Wọ́n á da ọ̀kẹ́ kan sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á jókòó tì í, á máa fa márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀, á sì máa kà á sínú. Ogún ìdì márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba, wọ́n á kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí wọ́n bá sín sókùn rọrùn díẹ̀: ogójì nínú okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan ni ẹrù orí ènìyàn kan. Olówó tó fẹ́ rìnrìn àjò láti Ìkòròdú lọ sí Ìbàdàn kò lè fi owó rẹ̀ sápò. Alárùú ni yóò wá, bó bá sì ní ogún ọ̀kẹ́, ogún alárùú ni.

Èyí ló sọ etí omi di ohun tí ènìyàn ń jà lé lórí. Láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún títí di nǹkan bí 1850, Èkó di ọ̀kan nínú èbúté ẹrú tó tóbi jù ní etíkun yìí. Ọkọ̀ ńlá kò wọ ọ̀sà; Èkó ló ń gba ẹyọ àti ìbọn, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ló sì ń gbé e lọ sí Ìkòròdú, sí Èjìnrìn, sí Ẹ̀pẹ́, tí ẹrú àti epo sì ń ti òkè bọ̀. Èjìnrìn, tó wà láàárín ìlú méjèèjì, di ọjà tí gbogbo Ìjẹ̀bú àti Èkó ń pàdé sí. Kì í ṣe ilẹ̀ rere tàbí ẹja ló fa ogun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá di èbúté mú ló di ẹnu àpò mú.

Ní 26 àti 27 oṣù Kejìlá, 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́. Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní òwò ẹrú ló fà á. Àwọn tó wà lẹ́yìn Kòsọ́kọ́ ní ìjà ìdílé àti ìlara òwò ni, pé òwò ẹrú kàn jẹ́ àwáwí. Ohun tó dájú ni pé Kòsọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀, olóyè rẹ̀ Oṣòdì Tápà sì wà lára wọn, wọ́n gba orí ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Báyìí ni Ẹ̀pẹ́ ṣe di ìlú méjì nínú ọ̀kan, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ń sọ ọ́ pé àlejò ni àwọn gbà. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń sọ ọ́ pé ọba ló wá, ìlú sì tóbi nítorí rẹ̀. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì tán, kò sì dà bí ẹni pé yóò tán lójú wa.

Kòsọ́kọ́ kò jókòó jẹ́ẹ́. Ó ń ti Ẹ̀pẹ́ dá òwò ọ̀sà rú, àwọn oníṣòwò Èkó sì ń ké. Ní 28 oṣù Kẹsàn-án, 1854, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, wá bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Kòsọ́kọ́ gbà láti má gbógun ti Èkó mọ́ àti láti kọ òwò ẹrú sílẹ̀. Wọ́n gbà fún un pé kí ó máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kí, kí ó sì máa gba owó lórí epo àti eyín erin tó bá ń jáde níbẹ̀, owó ẹyọ ni wọ́n sì fi ka iye rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ṣèlérí owó ọdọọdún fún un títí ọjọ́ ayé rẹ̀: ẹgbàá owó ẹyọ lọ́nà 2,000, tàbí 1,000 dọ́là, èyí tó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹgbàá lọ́nà 2,000 jẹ́ 4,000,000 ẹyọ, ìyẹn igba ọ̀kẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ rù ú láti etí omi dé ààfin Kòsọ́kọ́, igba ènìyàn ni yóò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìṣirò kan náà sọ fún wa pé dọ́là márùn-ún ni ọ̀kẹ́ kan lọ́dún yẹn, ó lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn kan. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn. Ìwé àdéhùn náà dárúkọ epo, ó dárúkọ eyín erin, ó dárúkọ ẹyọ. Kò dárúkọ ìsáwùrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó gbé àga fún àwọn olóyè lọ́jọ́ náà ti jẹ ẹ́ kí wọ́n tó jáde nílé.

Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó pátápátá ní 1861, Kòsọ́kọ́ padà sílé ní 1862, Oṣòdì Tápà sì kó àwọn tirẹ̀ sí Erékùṣù Èkó níbi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Àwọn tó kù lẹ́yìn ní Ẹ̀pẹ́ kò gbà fún Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì sì fi ọkọ̀ ogun kọlù wọ́n ní 1863. Ní Ìkòròdú, ọ̀ràn náà tún le jù. Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá ń jà nítorí Ìjàyè, Ìbàdàn sì nílò ìbọn àti ẹ̀tù. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ti dí mọ́ wọn, ọ̀nà Ìkòròdú nìkan ló ṣí. Ẹ̀gbá rí i pé bí Ìkòròdú bá wà lórí ìdúró, ogun Ìbàdàn kò ní tán, wọ́n sì lọ dó tì í. Ní oṣù Kẹta, 1865, Golóbà (Glover), tó ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì, rán ọmọ ogun láti Èkó, wọ́n sì lé Ẹ̀gbá kúrò. Àwọn kan ní ìfẹ́ Ìkòròdú ló mú Golóbà ṣe é. Ó nífẹ̀ẹ́ ọ̀nà òwò.

Ohun tó pa owó ẹyọ kì í ṣe ìbọn o. Láti 1845 ni àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì ti ṣàwárí pé ẹyọ mìíràn wà ní Zanzibar, tó tóbi ju ti Maldives lọ, tó sì pọ̀ bí iyanrìn. Ilé iṣẹ́ bíi O'Swald bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wá sí Èkó láti fi ra epo. Jan Hogendorn àti Marion Johnson, tí wọ́n kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1986, fi hàn pé ẹyọ tó wọlé lẹ́yìn ìgbà náà pọ̀ ju èyí tí ilẹ̀ yìí lè gbà lọ. Márùn-ún Zanzibar ni wọ́n kà gẹ́gẹ́ bí márùn-ún Maldives, nítorí náà ọ̀kẹ́ kan wúwo sí i, iye rẹ̀ sì ń já wálẹ̀. Nígbà tí ṣílè fàdákà dé, àwọn àgbà ń ka ẹgbàá kan sí sísì kan, ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún. Ohun tó tó pọ́n-ùn kan ní ọdún àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti di ìdá mẹ́rin rẹ̀, alárùú sì ń bèèrè owó rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó yí padà. Ẹni tó fi ẹyọ pamọ́ sínú ìkòkò fún ọmọ rẹ̀ fi òfo sílẹ̀ fún un, láì jẹ gbèsè, láì ṣọ̀lẹ.

Ìyókù yára. Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà, Gẹ̀ẹ́sì kó ogun jọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1892, wọ́n gba ibẹ̀ gòkè lọ ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Ìkòròdú bọ́ sábẹ́ Èkó ní 1894. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn láìdé Ìkòròdú, láìdé Ẹ̀pẹ́, láìdé Èjìnrìn; ọjà tó ti ń kún fún ìgbà pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ní 1904 ìjọba fi òfin de kíkó ẹyọ wọlé.

Bí ẹyọ ṣe kúrò lọ́jà, orí ọpọ́n àti ara ènìyàn ló padà sí. Ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń da ẹẹ́rìndínlógún, ó wà lára aṣọ egúngún, ó wà ní irun orí ọmọge àti ní ọrùn àwọn àjòjì tó wá ra nǹkan ìrántí ní ọjà iṣẹ́ ọnà Lẹ́kí. Ohun tí wọ́n ń rà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrántí Áfíríkà, Áfíríkà kọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ wá. Lápá kejì òkun, ní Bahamas, níbi tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú sí, tí ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn, wọ́n ní ìkarahun ńlá kan tí wọ́n ń jẹ ẹran inú rẹ̀ tí wọ́n sì ń ta èèpo rẹ̀ fún àlejò. Oúnjẹ àti owó wà nínú ìkarahun kan náà. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tà á, títí tí àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹ̀dá fi ní láti fi ìṣọ́ sí i ní 1992. Tiwa pín sí méjì: èyí tí ó lẹ́wà kò ṣeé jẹ, èyí tí a ń jẹ kò sí ẹni tó fi í ṣọ̀ṣọ́.

Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ìsáwùrú pẹ́. Àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn tí wọ́n tẹ̀dó sí etí ọ̀sà ń ṣà á, àwọn tó wá láti Cross River àti Rivers ń rà á lọ́wọ́ wọn, tàbí kí wọ́n kó tiwọn wá láti ilé. Àwọn tó ń po oúnjẹ adìyẹ ń lọ ìkarahun mọ́ ọn kí èèpo ẹyin lè le, àwọn olóko adìyẹ Ìkòròdú sì wà lára àwọn tó ń lò ó. Lọ́dọọdún, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ṣì ń ṣe Kayọ̀kayọ̀ lẹ́yìn Iléyá láti rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á yó, ẹja ọ̀sà kì í sì í wọ́n níbẹ̀. Ní Ìkòròdú, ẹni tó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì BRT tí ọ̀nà rẹ̀ ṣí ní 2015 ń fi káàdì kan tó ń jẹ́ Cowry sanwó. Orúkọ ẹyọ padà sí ọ̀nà Ìkòròdú, ṣùgbọ́n kò wúwo mọ́.

Ewu tó wà báyìí wà lórí èyí tí a ń jẹ. Ewéko omi àjòjì (water hyacinth) tó wọ ọ̀sà láti apá Bàdágìrì ní 1984 ń bo ojú omi nígbà òjò. Ẹ̀rọ tó ń fa iyanrìn ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀sà ní apá Ìkòròdú fún ilé kíkọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ìsáwùrú ń gbé: ohun tí ẹ̀rọ náà fà lọ kì í ṣe iyanrìn nìkan. Owó ẹyọ ní ìwé àdéhùn, ó ní olùgbèjà, ó sì kú. Ìsáwùrú kò ní ju àwọn ìyá tó ń ṣà á lọ. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti àwọn ọba etí ọ̀sà, láti orí Ayangbúrẹ̀n ti Ìkòròdú dé àwọn ọba Ẹ̀pẹ́, jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá wọ̀nyí, kí wọ́n fi ààlà sí ibi tí ẹ̀rọ iyanrìn kò gbọdọ̀ dé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé bí wọ́n ti kọ ti Kòsọ́kọ́.